Títọ́ ọmọ ọwọ́ láìsọ ilé di ààtàn: àwọn ìbéèrè táwọn òbí máa ń bi

Ilé tọ́mọ ọwọ́ bá ti wà, dọ́síbìn kì í pẹ́ kún, aṣọ fífọ̀ kì í tán, iná àti omi náà á kàn máa lọ ṣáá. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí làwọn òbí máa ń bi jù tó bá ti wù wọ́n láti dín ìdọ̀tí àti ìfiṣòfò kù. Mi ò tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ kankan, ẹ wo èyí tó kàn yín kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: níbi tọ́rọ̀ àyíká bá ti takò ààbò ọmọ, ọmọ la máa kọ́kọ́ rò, a ò ní jiyàn lórí ìyẹn.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ ti tojú sú mi, ibo ni kí n ti mú un?

Ẹ má rajà. Mo mọ̀ pé ìyẹn lè ya yín lẹ́nu, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe tọ́rọ̀ yìí bá ti wọ̀ wọ́n lára ni pé wọ́n á lọ rajà, wọ́n á ra abọ́ ọparun, wọ́n á ra tọ́ì onígi, wọ́n á ra nápì aláràbarà rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá kó àwọn ike tó ṣì dáa nínú ilé dànù. Kí la wá ṣe nìyẹn? Nǹkan tí wọ́n ti ṣe tán, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó máa bà jẹ́, ó ti bà á jẹ́ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, ẹ lò ó títí tá á fi gbó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú nǹkan kan péré. Èyí tó ń kún dọ́síbìn yín jù tàbí tó ń jẹ owó yín jù ni kẹ́ ẹ mú, nílé ọ̀pọ̀ èèyàn pámpásì ni. Tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tọ́mọ ò tíì pé oṣù méjì, ẹ gbé gbogbo ẹ̀ tì ná, ẹ jẹun, ẹ sùn tọ́mọ bá sùn. Ọ̀rọ̀ yìí ò ní sá lọ.

Ṣé lóòótọ́ ni nápì aṣọ dáa ju pámpásì lọ? Ẹnì kan sọ fún mi pé iná àti omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ náà ń ba àyíká jẹ́.

Irọ́ kọ́ lẹni yẹn pa, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀ tí kò sọ. Lọ́dún 2008, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí kan jáde tó tẹ̀lé méjèèjì láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n títí dìgbà tí wọ́n kó wọn dànù. Wọ́n rí i pé tọ́mọ kan bá lo pámpásì fún ọdún méjì ààbọ̀, gáàsì tó ń mú ayé gbóná tó máa tibẹ̀ wá máa tó nǹkan bíi kílò 550, ti nápì aṣọ sì jẹ́ nǹkan bíi 570. Kò sí ìyàtọ̀ gidi kankan! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ká ìwé náà kúrò. Ìwé yẹn kan náà ló sọ pé tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí aṣọ kún maṣíìnì dáadáa kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ sá a síta dípò ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tẹ́ ẹ sì tún lo nápì yẹn kan náà fún àbúrò ọmọ, kílò 570 yẹn máa fi nǹkan bíi 200 dín kù. Ẹni tó bá ń fọ̀ ọ́ ní 90°C tó tún ń fi ẹ̀rọ gbẹ gbogbo ẹ̀, tiẹ̀ máa burú ju ti ẹni tó ń lo pámpásì lọ. Wọ́n tún ìwádìí náà ṣe, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2023, tọ̀tẹ̀ yìí nápì aṣọ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dáa ju pámpásì.

Ohun tó fà á ò le. Nígbà tí wọ́n ń ṣe pámpásì ní ilé iṣẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ẹ ò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́ tẹ́ ẹ bá ti rà á. Ti nápì aṣọ, ibi ìfọṣọ ni wàhálà ẹ̀ wà, ìyẹn túmọ̀ sí pé ọwọ́ yín ló kù sí. Ti ìdọ̀tí ò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn nínú rárá, ọmọ kan máa ń lo pámpásì bíi 4,000 sí 5,000 kó tó já a, tí nápì aṣọ 20 sí 25 sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn kan náà.

Ṣé dandan ni kí n ra gbogbo 25 yẹn?

Rárá o. Ẹ ra márùn-ún tàbí mẹ́fà, àlòkù tó dáa ni kẹ́ ẹ tiẹ̀ kọ́kọ́ wá, oríṣiríṣi kẹ́ ẹ lè mọ èyí tó bá itan ọmọ yín mu, torí ọmọ tó ní itan tín-ín-rín àti ọmọ tó sanra, nápì kan náà ò lè bá wọn mu, á kàn máa jò ni. Ẹ lò ó lọ́sàn-án nígbà tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ lo pámpásì lóru àti nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìdánwò. Pámpásì méjì péré tẹ́ ẹ bá yọ kúrò lójoojúmọ́, ó ti ju 700 lọ lọ́dún kan.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́? Ìgbẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo èèyàn bi nìyí kí wọ́n tó ná owó. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìgbà tẹ́ ẹ bá tú u kúrò lára ọmọ. Tọ́mọ ò bá tíì máa jẹ nǹkan míì yàtọ̀ sí ọmú, ìgbẹ́ ẹ̀ máa bá omi lọ, kò sí wàhálà. Tó bá ti ń jẹun, ẹ kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ náà sínú ilé ìyàgbẹ́ (ẹni tó ń lo pámpásì náà yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ o, ìgbẹ́ ò yẹ kó dé dọ́síbìn rárá ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ń ṣe é). Ẹ wá jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó lọ́mọrí, láìbu omi sí i. Àwọn àgbà máa ń rẹ ẹ́ sómi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n omi yẹn á máa rùn, á tún máa ba rọ́bà ẹsẹ̀ nápì jẹ́, èyí tó wá burú jù ni pé ọmọ tó ti ń rákòrò lè fi orí sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn.

Ọjọ́ méjì méjì, ó pẹ́ jù ọjọ́ mẹ́ta, ni kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́. Omi tútù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi ṣàn án, torí tí omi gbígbóná bá kọ́kọ́ kàn án, àbàwọ́n á dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà 60°C, kí ọṣẹ tó dáadáa, kí maṣíìnì kún ṣùgbọ́n kó má fún pọ̀ kí nápì lè ráyè fira wọn. Ẹ má fi nǹkan olóòórùn dídùn tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i láyé, ó máa ń bo òwú aṣọ yẹn mọ́lẹ̀ bí ọ̀rá, tọ́mọ bá wá tọ̀, ìtọ̀ ò ní wọlé mọ́, á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ bí omi orí ewé kókò ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ pé nápì aṣọ ò gba ìtọ̀ dúró, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí tiwọn nìyẹn. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò dáadáa, ẹ sá a sóòrùn. Àbàwọ́n tí ọṣẹ ò ràn, tẹ́ ẹ bá sá a sóòrùn nígbà tó ṣì tutù, òòrùn á mú un kúrò fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó ń fọwọ́ fọ̀, ọ̀nà kan náà ni, omi tútù ná, omi gbígbóná àti ọṣẹ, kẹ́ ẹ wá ṣàn án títí tí kò fi ní hó mọ́.

Tó bá ń rùn bí ìtọ̀ tó pẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, ọṣẹ ló kéré tàbí aṣọ ló pọ̀ jù nínú maṣíìnì. Ẹ má sáré lọ gbé bílíìṣì o. Nápì tí ìtọ̀ wà lára ẹ̀ ti ní amóníà, bílíìṣì tẹ́ ẹ bá dà lé e lórí máa di gáàsì tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, nínú bálùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé pàápàá ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Bákan náà ni bílíìṣì àti fínígà, ẹ má pò wọ́n pọ̀ láé, bó ti wù kí ẹni tó ń kọ́ yín lórí fídíò ṣe é tó.

Ṣé nápì aṣọ kì í mú kí ìdí ọmọ pọ́n?

Ohun tó wà ní ìdí ọmọ kọ́ ló máa ń fà á jù, bó ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni. Ẹ máa yí i ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, kíá sì ni tó bá ti yàgbẹ́. Tó bá pọ́n ju ọjọ́ mélòó kan lọ, tàbí tó ní àmì wínníwínní nínú ìṣẹ́po itan, ó lè jẹ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, dókítà ló mọ oògùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń fi ìpara ọlọ́ràá sí i, ẹ tẹ́ aṣọ pélébé kan sórí nápì kí ọ̀rá yẹn má bàa di ojú ẹ̀.

Pámpásì tí wọ́n kọ “biodegradable” sí lára ńkọ́? Owó ẹ̀ ga o.

Ẹ má jẹ́ kí ewé tútù tí wọ́n yà sára páálí tàn yín jẹ. Inú pámpásì, òwú tí wọ́n fi igi ṣe wà níbẹ̀, hóró wínníwínní tó ń fa ìtọ̀ mu tí wọ́n ń pè ní sodium polyacrylate wà níbẹ̀, ọ̀rá àti rọ́bà tún wà lóde ẹ̀. Èyí tí wọ́n ní ó máa ń jẹrà, apá kan nínú ẹ̀ nìkan ló lè jẹrà, ìyẹn náà tó bá rí afẹ́fẹ́ àti ooru tó tọ́ sí i. Ààtàn ńlá tí wọ́n ń da ilẹ̀ bò ò ní afẹ́fẹ́ nínú, ohun tó bá jẹrà níbẹ̀ gáàsì mẹ́táànì ló ń tú jáde, mẹ́táànì sì ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù lọ fíìfíì. Tẹ́ ẹ bá lówó ẹ̀ tí kò sì ní lọ́fínńdà, ẹ rà á tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó máa pòórá.

Ohun kan tí mi ò ní fọwọ́ sí láéláé ni sísun pámpásì lẹ́yìnkùlé. Èéfín ọ̀rá yẹn ni ọmọ tẹ́ ẹ tìtorí ẹ̀ rà á máa fà símú.

Wáìpù ńkọ́?

Púpọ̀ nínú wọn, rọ́bà ni wọ́n fi hun ún, bó tilẹ̀ jọ bébà. Ẹ má da á sí ilé ìyàgbẹ́ kódà tí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé ẹ lè dà á síbẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n rí nǹkan kan nínú ihò omi ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ní Whitechapel ní Lọ́ńdọ̀nù, wáìpù, pámpásì àti ọ̀rá ìdáná ló dì pọ̀ tó le bí òkúta, ó gùn tó mítà 250, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 130. Ẹ gé táwẹ́ẹ̀lì tó ti gbó sí wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lásán, ẹ fún un, ẹ fi nu ọmọ, ẹ jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nápì kẹ́ ẹ fọ̀ wọ́n pọ̀. Tó bá jẹ́ ohun kan péré lẹ fẹ́ yí padà nínú gbogbo ojú ewé yìí, èyí ni kẹ́ ẹ mú, kò gba owó, kò gba wàhálà, ìdí ọmọ náà á sì dúpẹ́.

Mi ò fún ọmọ lọ́mú, ṣé mo ti ba tèmi jẹ́ nìyẹn?

Ẹ má dá ara yín lẹ́bi jàre. Òótọ́ ni pé ọmú ò ní agolo, kò ní mọ́tò tó ń kó o, kò sì nílò iná tí wọ́n máa fi sè é, àjọ ìlera àgbáyé WHO náà sọ pé ọmú nìkan lóṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa fi oúnjẹ kún un títí dé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń lo oògùn kan wà, ọmú tí kò dà wà, ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ náà wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àyíká na ìyá ọmọ ní pàṣán, ẹ má dá a lóhùn.

Tó bá jẹ́ mílíìkì alágolo lẹ ń lò, ibi tẹ́ ẹ ti lè dín ìfiṣòfò kù ni pé kẹ́ ẹ po ìwọ̀n tọ́mọ máa mu tán, kẹ́ ẹ sì se ìwọ̀n omi tẹ́ ẹ nílò. Ẹ má bù ú kéré kó lè pẹ́ nílẹ̀ o, ebi ló máa fi pa ọmọ. Ẹ má sì torí kẹ́ ẹ dín iná kù fi omi tútù pò ó, torí kòkòrò lè wà nínú ìyẹ̀fun yẹn láti ilé iṣẹ́ wá, ìdí nìyẹn tí WHO fi ní kí omi ẹ̀ má dín sí 70°C nígbà tẹ́ ẹ bá ń pò ó, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó tutù kọ́mọ tó mu ún. Èyí tọ́mọ mu kù, láàárín wákàtí méjì, ó ti parí nìyẹn, ẹ dà á nù, ọ̀rọ̀ ìfiṣòfò ò sí níbẹ̀.

Fídà oníke àbí oníGíláàsì?

Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà, ẹ ra gíláàsì tàbí èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dógùn-ún ṣe, ẹ fi lè tọ́ ọmọ mẹ́ta. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní Trinity College ní Dublin gbọn omi gbígbóná nínú fídà oníke bí òbí ṣe máa ń gbọn mílíìkì, wọ́n sì rí eérún ike tí ojú lásán ò lè rí níbẹ̀, nínú fídà kan ó tó mílíọ̀nù 16 nínú lítà kan ṣoṣo. Bí omi bá ṣe gbóná tó ni eérún yẹn ṣe ń pọ̀ tó.

Ẹni tó bá ti ní tike nílé, ẹ má kó o dànù. Inú nǹkan míì tí kì í ṣe ike ni kẹ́ ẹ ti po mílíìkì náà pẹ̀lú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó dà á sínú fídà. Tẹ́ ẹ bá ti bọ fídà lómi gbígbóná, ẹ fi omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù ṣan inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹ má gbé e sínú máíkíróweefù. “BPA-free” tí wọ́n ń kọ sí i lára, ìyẹn kàn ń sọ pé kẹ́míkà kan ò sí níbẹ̀ ni (ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin dè é nínú fídà ọmọ láti 2011), kò sọ pé ooru ò ní mú nǹkan bọ́ lára ẹ̀.

Tó bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ńkọ́?

Ẹ bu nínú oúnjẹ ilé kẹ́ ẹ tó fi iyọ̀ sí i, ẹ gún un tàbí kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó dẹ̀. Ó tán. Oúnjẹ ọmọ inú ọ̀rá tí wọ́n ń fà mu yẹn, ọ̀rá àti bébà onírin ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ìyẹn ni kì í fi í rọrùn láti tún lò. Oyin ò gbọdọ̀ kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bó ti wù kí oyin náà mọ́ tó, torí ohun kan lè wà nínú ẹ̀ tó máa di májèlé nínú ìfun ọmọ.

Aṣọ ọmọ ti pọ̀ jù nílé mi, ó sì ṣì jẹ́ pé kò sí èyí tó bá a mu.

Ọmọ máa ń wúwo ní ìlọ́po méjì kó tó pé oṣù mẹ́fà, ìlọ́po mẹ́ta tó bá fi máa pé ọdún kan. Aṣọ wo ló fẹ́ bá irú ẹ̀ dọ́gba? Aṣọ ọmọ tuntun kì í gbó, ó kàn máa ń kéré ni, ìdí nìyẹn tí àlòkù fi dáa jù níbẹ̀. Èyí tí ọmọ ẹlòmíì ti wọ̀ tí wọ́n sì ti fọ̀ dáadáa, púpọ̀ nínú kẹ́míkà tó wà lára ẹ̀ nígbà tó wà ní tuntun ti bá omi lọ. Ẹ gba ti ẹ̀gbọ́n, ẹ gba ti aládùúgbò, ẹ má tijú. Tẹ́ ẹ bá máa ra tuntun, ẹ rà á kó tóbi díẹ̀, ẹ ká ọwọ́ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, aṣọ àlòkù tó bá ń run kánfọ̀, hóró funfun tí wọ́n ń jù sáàárín aṣọ kí kòkòrò má jẹ ẹ́, ẹ má gbé e wọ ọmọ tààrà. Náfútálíìnì ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí èròjà kan tó ń jẹ́ G6PD ò pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ ò sì lè fi ojú mọ̀ wọ́n, òórùn yẹn nìkan lè máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ojú àti ara wọn á di yẹ́lò, tí ò bá rí ìtọ́jú kíá ó lè ba ọpọlọ ọmọ tuntun jẹ́. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn títí òórùn yẹn á fi lọ pátápátá, tí kò bá lọ ẹ má lò ó. Aṣọ tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kó pa mọ́ de àbúrò, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá dì í sínú àpò tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, kò nílò kánfọ̀ kankan.

Ṣé gbogbo àlòkù ló ṣeé gbà?

Ó tì. Àga tí wọ́n ń de ọmọ mọ́ nínú mọ́tò, tẹ́ ò bá mọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má gbà á, torí èyí tó ti wà nínú ìjàǹbá ọkọ̀ rí lè ti sán nínú tẹ́ ò sì ní rí i, ó tún ní ọdún tí wọ́n kọ sí i lára pé kò yẹ kéèyàn lò ó kọjá. Bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan ṣeé rọ̀ sísàlẹ̀, Amẹ́ríkà ti fòfin dè é láti 2011 torí ọmọ tó há síbẹ̀ tó kú. Ti bẹ́ẹ̀dì èyíkéyìí, ẹ wọn àlàfo igi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ, kí fóòmù ẹ̀ le, kó sì kún inú bẹ́ẹ̀dì náà láìsí àlàfo. Tọ́ì tí ọ̀dà ẹ̀ ti ń ṣí, òjé lè wà nínú ọ̀dà yẹn, ẹ jù ú nù. Tọ́ì tó ń lo bátìrì pélébé bíi bọ́tìnnì, tí ibi tí bátìrì wà ò bá ní ṣúúrù tó dè é, kò gbọdọ̀ wọlé, ọmọ tó bá gbé bátìrì yẹn mì, láàárín wákàtí méjì ó lè ti máa jó o lọ́nà ọ̀fun.

Àwọn yòókù, ìwé, abọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ tí bíréèkì ẹ̀ ṣì dáa, báàfù, tọ́ì onírọ́bà lílé, ẹ gbà á.

Ṣé kí n kun yàrá ọmọ?

Ta ló fẹ́ wò ó? Ọmọ tuntun ò ríran jìnnà. Àwọn dókítà ọmọdé tiẹ̀ fẹ́ kí ọmọ máa sùn nínú yàrá kan náà pẹ̀lú òbí, lórí bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀, ó kéré tán fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, nítorí náà yàrá tẹ́ ò kùn ló dáa jù fún àyíká. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kùn ún ṣá, ẹ lo ọ̀dà tí kò ní òórùn líle, ẹ kùn ún ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, ẹ ṣí fèrèsé. Aboyún ò gbọdọ̀ ha ọ̀dà ilé àtijọ́ o, eruku òjé ń wọ inú ọmọ.

Mò ń lo nǹkan àdánidá nìkan láti fi nulẹ̀ àti láti fi lé kòkòrò, ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

Àdánidá ò túmọ̀ sí pé kò léwu. Òróró eucalyptus, òróró peppermint àti kánfọ̀, tó bá wọ imú tàbí ẹnu ọmọ ọwọ́, ó lè dí i léèémí tàbí kó fún un ní gìrì. Ọṣẹ àti omi ti tó fún ilẹ̀ ilé, ti tọ́ì náà ti tó. Ohun olóòórùn tí wọ́n ń fín sínú yàrá, ẹ fi owó ẹ̀ ra nǹkan míì, ẹ ṣí fèrèsé.

Omi àti iná ńkọ́?

Ọmọ tí kò tíì máa rákòrò ò nílò kéèyàn máa wẹ̀ ẹ́ látorí dé ẹsẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kẹ́ ẹ kàn máa nu ojú, ọrùn àti ìdí ẹ̀ láwọn ọjọ́ yòókù. Omi ìwẹ̀ ẹ̀ ṣeé fi dà sí ilé ìyàgbẹ́ tàbí kẹ́ ẹ fi nulẹ̀, ṣùgbọ́n kíá ni kẹ́ ẹ lò ó, ẹ má tọ́jú omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò lọ́mọrí, ẹ jọ̀ọ́. Omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 5 lè pa ọmọ tó ń rákòrò, wẹ́rẹ́ ló sì máa ń ṣẹlẹ̀, láìsí ariwo kankan.

Ti maṣíìnì ìfọṣọ, omi tó ń gbóná ni iná ń bá lọ jù. Nápì nìkan ló nílò 60°C, aṣọ ọmọ yòókù, 30°C ti tó, àyàfi tí ara ọmọ ò bá yá.

Ìbejì ni tèmi, ṣé mi ò kàn ní gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ kú ìnira o, ẹ kú oríire náà. Maṣíìnì tiyín kì í pẹ́ kún, nápì yín máa pín owó ẹ̀ fún ọmọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ọ̀nà yín tiẹ̀ dán ju ti ọlọ́mọ kan lọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dúró kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ máa sùn lóru.

Ìyá ọkọ mi ní ìyà ni mo fi ń jẹ ọmọ, ọkọ mi náà ò sì dá sí i.

Ẹ má wàásù fún ìyá. Ẹ bi wọ́n léèrè: “Màmá, báwo lẹ ṣe tọ́ bàbá ọmọ mi nígbà tí pámpásì ò tíì gbòde?” Ẹ máa rí i pé àwọn gan-an ló mọ̀ ọ́n ṣe jù, wọ́n á tiẹ̀ máa fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tọ́mọ bá fẹ́ tọ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí póò. Tí wọ́n bá sì ra pámpásì wá, ẹ kí wọn, ẹ lò ó lóru.

Ti ọkọ yín lọ̀rọ̀ wà. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbọn ìgbẹ́, tẹ́ ẹ̀ ń fọ̀, tẹ́ ẹ̀ ń sá, tẹ́ ẹ̀ ń ká, a kàn gbé iṣẹ́ ilé iṣẹ́ pámpásì lé obìnrin kan lọ́rùn ni. Ẹ pín in. Ẹni tó bá tú nápì ló máa gbọn ọ́n, ẹni tí kò bá fọ̀ ló máa sá. Tí kò bá gbà, ẹ padà sí pámpásì kẹ́ ẹ wá ibòmíì tẹ́ ẹ ti máa dín ìdọ̀tí kù, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn.

Àwọn èèyàn ń fún wa ní ẹ̀bùn tá ò nílò, kí la lè sọ tí ò ní dà bí àfojúdi?

Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n tó bi yín. “Aṣọ ọmọ ọdún kan la nílò, àlòkù náà dáa” ò bí ẹnikẹ́ni nínú. Èyí tó bá ti dé, ẹ dúpẹ́, ẹ fi ta ẹlòmíì lọ́rẹ nígbà tó ṣì wà nínú páálí ẹ̀.

Ọmọ ti já nápì, kí ni kí n fi gbogbo ẹ̀ ṣe?

Èyí tí rọ́bà ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì fà dáadáa, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fún ẹni tó máa bímọ tàbí kẹ́ ẹ tà á, àlòkù nápì ń tà. Èyí tí rọ́bà ẹ̀ ti dẹ̀ ṣùgbọ́n tí aṣọ ẹ̀ ṣì dáa, ẹ pààrọ̀ rọ́bà yẹn, télọ̀ lè ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó ti gbó pátápátá, ẹ gé e, ó máa ń fa omi ju àkísà lọ, ẹ ó máa fi nu ilẹ̀ níbi tí ẹni tí kò wọ nápì mọ́ yẹn bá ti ń tọ̀ sílẹ̀, torí á ṣì máa tọ̀ sílẹ̀ dáadáa.